Bọ́ọ̀sì Kẹsàn-án

Ọdún mẹ́rin ni ìyá mi fi ka ìwé ọdún méjì.
Ẹ má rẹ́rìn-ín.
Ilé ìfọṣọ ọsibítù ló ti ń bọ̀ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun,
ọwọ́ rẹ̀ á máa rùn fún bílíìṣì,
á yọ́ wọ kíláàsì bí ẹni tó pẹ́ dé ibi ìsìnkú,
á jókòó sẹ́yìn, nítòsí páìpù tó ń mú iyàrá móoru,
kí yìnyín bàtà rẹ̀ lè yọ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ló gbé e débẹ̀.
Bọ́ọ̀sì kẹsàn-án ìlú Marlow Creek, ní Ohio,
tó máa ń gba òpópónà Tanner kọjá,
tó máa ń gbé Odessa Plimpton, aládùúgbò wa,
lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀
ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.
Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó. Wọ́n dìbò, márùn-ún sí méjì.
Bọ́ọ̀sì di àná.
Ìyá mi dìde láàárín èrò, ó ní kí ló dé.
Alága ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Màdáámù,
àwọn nọ́ńbà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ó délé, kò bọ́ kóòtù.
"Ta ni nọ́ńbà yìí tó ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn mi?
Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n lójúkojú."
Bí Vernelle Gadsby ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn,
lẹ́ni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta,
nínú ẹ̀kọ́ Ìtúpalẹ̀ Ètò Ìlú.

Ìṣirò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí ẹ̀. Ó fìdí rẹmi nígbà àkọ́kọ́;
nígbà kejì, mo bá a ní ìdáná ní aago méjì òru,
pẹ́ńsù nínú irun, omi lójú,
ẹ̀wà inú agolo tó ti tutù níwájú rẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní, "Ààbọ̀ dìgírì! Kí lo fẹ́ fi ṣe?"
Kò dá a lóhùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.
Lọ́jọ́ kan, Ọ̀gbẹ́ni Halvorsen ń ṣàlàyé
bí a ṣe ń ro nǹkan pọ̀, ká pín in, ká rí iye àárín,
ìyá mi nawọ́:
"Tí mo bá ro gbogbo aṣọ ibùsùn ọsibítù pọ̀, tí mo pín in,
gbogbo wọn á funfun díẹ̀, gbogbo wọn á dọ̀tí díẹ̀.
Mi ò ní rí èyí tí ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀."
Kíláàsì dákẹ́. Ọkùnrin náà gbé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sílẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ ṣe é:
a dúró sí ibùdókọ̀ tí ọkọ̀ kankan kì í dé mọ́,
nínú yìnyín, a ń ka àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn.
Mo ń wí, ó ń kọ.
Lẹ́yìn náà ló béèrè fún fáìlì ìgbìmọ̀
(oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi dá a dúró),
ó sì rí i níbẹ̀, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀ ìwé:
ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Keje ni wọ́n ka èrò bọ́ọ̀sì náà,
nígbà tí ilé-ìwé wà nísinmi,
tí ilé-iṣẹ́ bátìrì sì ti ilẹ̀kùn.
Kò pariwo. Ó fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ẹ̀.
Ó tún un fà, ó tún un fà, títí ìwé fi ya.

Wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan,
aṣọ àyálò, fìlà onígun mẹ́rin tó tóbi jù.
Wọ́n ṣi orúkọ rẹ̀ pè. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Bọ́ọ̀sì ò tíì padà o. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́.
Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, ìyá mi á tún dìde níwájú wọn;
ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún un,
ojú ìwé mẹ́rìnlá ló wà lọ́wọ́ ẹ̀.
Mo ti kà á. Mo mọ ibi tí ohùn rẹ̀ á ti gbọ̀n:
ojú ìwé kejìlá, nínú àtẹ, ìlà kọkànlélọ́gbọ̀n.
O. P., obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.
Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀,
láti oṣù Kejì dé oṣù Kẹwàá.
Lẹ́yìn ìyẹn, òdo. Òdo. Òdo.